Àkùkọ Agolo ní Karmo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró, láti ìgbà náà sì rèé, n kì í kọ ju orúkọ oníbàárà lára ọ̀rá lọ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn létí, mo sì tún jẹ́ onítìjú. Bí ènìyàn bá bi mí ní nǹkan lójúkojú, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ èyí sílẹ̀, nítorí ìwé kì í wo ènìyàn lójú. Ní Dutse Alhaji tí mò ń gbé báyìí, mo máa ń fi agolo, wáyà àti idẹ wẹ́wẹ́ ṣe yẹtí àti ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mi, ara mi ló máa ń balẹ̀ bí mo bá ń ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Àbújá níbí, tí wọ́n ń gbọ́ èdè wa ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, máa ń wá bá mi pé, "Àǹtí Múnírá, gọ́ọ̀mù wo lẹ fi ń lẹ irin mọ́ irin tí kì í já?" Mo máa ń fi rọ́bà gọ́ọ̀mù náà hàn wọ́n. Wọ́n á lọ rà á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á tún padà wá pé tiwọn ti já. N óò wá máa wo ilẹ̀, nítorí ìdáhùn tòótọ́ gùn ju ohun tí mo lè sọ ní ìdúró lọ. Inú ilé wa ní Karmo ni ìdáhùn náà wà, ní ọdún tí ìyá bàbá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa.

Ilé yàrá-kọjú-sí-yàrá ni, tiwa ló kẹ́yìn lápá ọ̀tún, níbi tí igi dọ̀gọ̀yárò ti ń ṣíji bo ògiri. Bí mo bá di ojú mi báyìí, ìró ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ohunkóhun: ọmọlanke mẹ́rúwà tó ń han bó ti ń ti gálọ́ọ̀nù omi bọ̀, ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìnkùlé, fèrè rélùwéè láti apá Idu, àti jẹnẹrétọ̀ lánlọ́ọ̀dù tó máa ń wúkọ́ bí arúgbó kó tó gbéra. Bàbá mi, Ràṣídì, jẹ́ fọkanáísà. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní oríta, lábẹ́ agboòrùn tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán, ó sì máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí gáréèjì Jabi. Ìyá mi ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Jabi kan náà, òun náà kì í pẹ́ jáde. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá iwájú ilé, kí n fọ àwo, kí n sì fi bíléèdì gé túùbù táyà tó ti bàjẹ́ sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ fún bàbá mi, nítorí òun ló fi ń di ohun tó bá lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ó ní òwe kan tó máa ń pa fún àwọn awakọ̀ tó bá ń kán an lójú pé, "Ẹni tó kánjú lẹ túùbù, ojú ọ̀nà ni yóò ti tún un lẹ̀."

Tí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Agolo mílíìkì, sípóòkù kẹ̀kẹ́, eríàlì tẹlifíṣọ̀n tó ti ṣẹ́, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń jù nù ni ó ń kó sínú páálí, tó sì ń fi ṣe ọkọ̀ kékeré, ẹyẹ, àga tí èèrà lè jókòó lé. Kò tà wọ́n rí. Ìyá mi a ní, "Bàbá Múnírá, táyà tí ẹ ń lẹ̀ láti àárọ̀, ṣé kò tó ni?" Bàbá mi a rẹ́rìn-ín. "Táyà ni mò ń lẹ̀ fún aráyé. Eléyìí ni mò ń lẹ̀ fún ara mi." Nísinsìnyí tí èmi náà máa ń jókòó ti agolo ní ìrọ̀lẹ́, mo ti mọ ohun tó ń sọ.

Ọdún tí mò ń wí yìí ni ó lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ṣakí. Màmá ti ń dá gbé, orúnkún rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa mọ́. Ó ti ṣubú lẹ́bàá kànga rí, kò sí ẹni tó tètè rí i. Ọkọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ oko kó tó kú, aṣọ díẹ̀, àti igbá òrí ńlá kan ni ó gbé wá. Ìgbà ọyẹ́ ni. Láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá kírun tán, a jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a ní, "Àbẹ̀ní, mú ẹsẹ̀ wá." N óò na ẹsẹ̀ mi sí i, yóò bu òrí, yóò fi ra ojúgun mi títí tí yóò fi máa dán. Èyí tó bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣòfò. Ó ń fi pa irin ọkọ́ náà, ó ń fi pa ọ̀bẹ ìyá mi, ó ń fi pa àgádágodo, ó ń fi pa ohun irin yòówù tó bá wà nítòsí, á sì fi àkísà nù ún títí kò fi ní hàn pé nǹkan kan kàn án. "Irin tí kò rí ìpara," a ní, "ilẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́." Bó ṣe tọ́jú irin ọkọ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sì sí ẹni tó ní kó má tọ́jú tiwa. Òun nìkan ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ gígùn. Níwájú àwọn yòókù, ẹnu mi wúwo. Lórí ẹní Màmá, ó fúyẹ́.

Kì í ṣe pé Àbújá kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. Ó fi kókó, ẹ̀kọ Hausa tí wọ́n ń tà ní ìta, ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀kọ wo ló ń ta ènìyàn lẹ́nu, síbẹ̀ kì í ṣẹ́ ku nínú ife rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá mi fi ewé oṣè gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní kúkà lọ́jà se ọbẹ̀, Màmá tọ́ ọ wò, ó pariwo: "Lúrú nìyí! Lúrú ilé wa ni! Àwọn wo ló wá yí orúkọ rẹ̀ padà?" Ó jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ náà bí ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè fara mọ́. Kò sí àkùkọ nínú ilé. Adìẹ ayálégbé kan ti ya òdòdó lánlọ́ọ̀dù jẹ nígbà kan, láti ọjọ́ náà ni lánlọ́ọ̀dù ti kà á léèwọ̀ pé ohun tó ní ìyẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ọgbà òun. Màmá á jí, á jókòó nínú òkùnkùn, á máa retí. Ní ọjọ́ kan ó ránṣẹ́ sí awakọ̀ ará ìlú wa kan tó máa ń kó iṣu wá, pé bó bá ń padà lọ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó bá òun fi àyè sílẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú ìborùn, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bàbá mi dé, ó rí ẹrù náà. "Màámi, kí lèyí?"

"Mò ń lọ sílé."

"Ilé wo? Ta ni yóò máa bá yín pọnmi níbẹ̀? Ẹ ti gbàgbé kànga?"

"N kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ilé wo lèyí tí ilẹ̀ ń mọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ?"

"Ládàánì ń jí yín, Màámi."

"Ládàánì ń pè mí sọ́dọ̀ Ọlọ́run, Ọlọ́run san án fún un. Àkùkọ ló ń pè mí padà sáàárín ènìyàn."

Bàbá mi jókòó lórí ẹrù náà bí ẹni pé ó fẹ́ fi ìdí dá a dúró. "Bí mo bá wá àkùkọ fún yín ńkọ́?"

"Lánlọ́ọ̀dù rẹ á pa á jẹ."

"Èyí tí mo fẹ́ wá, eyín kò ní ràn án."

Màmá rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ó dáa, Àjàní. Ọjọ́ tí àkùkọ rẹ bá kọ, n óò tú ẹrù mi." Ẹ̀rín ni gbogbo wa fi gbà á, ṣùgbọ́n mo mọ Màmá; ohun tó bá fi ẹ̀rín sọ, ó máa ń fi agídí dúró tì í. Mo wo ẹrù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, mo sì rò ó pé bó bá lọ, ta ni n óò máa bá sọ̀rọ̀?

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Agolo mílíìkì ńlá ni ara àkùkọ, páìpù àlùmíníọ̀mù láti ara eríàlì ni ọrùn, irin pẹlẹbẹ ni orí àti ogbe. Bàbá mi gbẹ́ fèrè kékeré sí ọ̀nà ọ̀fun, ó sì fa rọ́bà láti ìdí agolo náà lọ sára pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ àtijọ́. Bí ó bá tẹ pọ́ǹpù mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò ya wọ inú agolo, yóò gba ọrùn gòkè, àkùkọ yóò sì kọ. Ibi tí ọrùn ti pàdé ara ni wàhálà wà. Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ gbé e yẹ̀ wò, ó mi orí. "Bàbá Múnírá, iná mi á lu agolo yìí bí ajere ni. Àlùmíníọ̀mù yìí náà kò sì ní gbà kí n jó òun mọ́ irin. Gọ́ọ̀mù lẹ máa wá." Bàbá mi gbá àyà. Ta ló fẹ́ kọ́ fọkanáísà ní gọ́ọ̀mù? Ó fi sọ́lúṣọ̀n túùbù lẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ṣí bí èèpo ẹ̀wà. Túùbù ń mu sọ́lúṣọ̀n, irin kì í mu ún. Ó lọ tọrọ gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmẹ́kà. Ìyẹn dì í mú láàárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ọ̀sán kan ara agolo, gọ́ọ̀mù náà rọ̀, ọrùn àkùkọ sì ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé níbi wáàsí. Ó wá ra súpágúlù. Súpágúlù lẹ̀ kí a tó pajú pẹ́, ó tilẹ̀ lẹ ìka bàbá mi mọ́ ọn. Inú wa dùn. Gbogbo wa jáde sí iwájú ilé. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ lé pọ́ǹpù, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àkùkọ ṣe "kéé!" ó tún un tẹ̀, ọrùn àti orí fò lọ sókè, ó sì já sínú ọpọ́n ìfọṣọ Ìyá Blessing, aládùúgbò wa.

Ìyá Blessing mú un jáde nínú omi ọṣẹ. "Bàbá Múnírá, your fowl don resign o!"

Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí. "Àkùkọ tó kọ́kọ́ kú kó tó kọ! Ràṣídì, ti Àbújá rèé!" Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Àìkú ó mú mi dání lọ sí Dutse Alhaji, sí ìsọ̀ Alhájì Gárbà tó ń ta ohun èlò ilé. Ó ti gbé Ìbàdàn rí, Yorùbá rẹ̀ já gaara. "Sànnu, Ràṣídì." "Yauwa, Alhájì, ẹ kú ọjà." Bàbá mi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láìfi ọpọ́n ìfọṣọ sílẹ̀. Alhájì Gárbà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kai! Súpágúlù le, mi ò bá ọ jiyàn. Bí o bá fà á, ó dúró. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ta á lójijì, ó fọ́ bíi gíláàsì. Ohun tí afẹ́fẹ́ máa ń ta láràárọ̀, ohun méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ ni kó o fi lẹ̀ ẹ́." Ó gbé rọ́bà kékeré méjì tí wọ́n so pọ̀ jáde, gọ́ọ̀mù ọ̀kan funfun, ti èkejì dúdú. Ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ láìsí èkejì. Ó ní kí bàbá mi fi sáńpépà ha irin náà kó rí gbágungbàgun, kó pò wọ́n ní ìwọ̀n kan náà, kó dì í pinpin, kó má sì fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. A délé, Màmá gbọ́, ó sì sọ gọ́ọ̀mù náà lórúkọ lójú ẹsẹ̀. "Gọ́ọ̀mù ìbejì ni. Ràṣídì, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n wí o. Bó o bá fún Táyé ju Kẹ́hìndé lọ, ìjà ni."

Ó ha irin náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bí ìgbà tó ń ha túùbù, ó fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n iná lọ, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí lórí fèrèsé títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì tó yọ wọ́n jáde, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Irin ti mọ́." Ó pò gọ́ọ̀mù lórí páálí pélébé, ó lẹ̀ ẹ́, mo ń na ọ̀já túùbù sí i, ó ń dì í. A kò fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ fi tún ṣú. Ó tẹ pọ́ǹpù. "Kéé!" Orí àkùkọ tún gbéra. Ọ̀nà tó gbà já ló yà á lẹ́nu jù: gọ́ọ̀mù náà le bí òkúta, ó pé pérépéré ní àwòrán òrùka, kò fọ́, kò rọ̀, ó kàn fi irin sílẹ̀ ni, bí àlejò tí wọn kò fún ní ìjókòó. Ó tún un ha, ó tún un kó sínú páálí, ó tún un lẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bákan náà ló rí. Ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń jáde lẹ́nu gbogbo wa ní orílẹ̀-èdè yìí bí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. "Ayédèrú ni!"

Inú ọ̀sẹ̀ tí awakọ̀ náà ń bọ̀ la wà nígbà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé láti ilé ìwé, a sì tún wọ mọ́tò lọ sí Dutse Alhaji. Bàbá mi gbé gọ́ọ̀mù tó kù sórí tábìlì ìsọ̀ náà, kò kí ènìyàn dáadáa. "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba nǹkan yín. Ayédèrú lẹ tà fún mi."

Alhájì Gárbà kò bínú. Ó tẹ ìka mọ́ etí tábìlì onírin rẹ̀, níbi tí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan lẹ̀ mọ́. "Gọ́ọ̀mù kan náà ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Fà á." Bàbá mi fà á. Ó gbé ẹsẹ̀ ti tábìlì, ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Tábìlì ló ń bọ̀, kọ́kọ́rọ́ kò mira. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. "Ràṣídì, má gbé ìsọ̀ mi lọ. Gọ́ọ̀mù dára. Bóyá nǹkan kan wà láàárín òun àti irin rẹ."

"Kí ni ì bá wà níbẹ̀? Èmi fúnra mi ni mo ha á."

"Nígbà náà, n kò mọ̀."

Bàbá mi tọrọ àforíjì, ó mú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Nínú mọ́tò, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. "Múnírá, bóyá ọwọ́ mi ni kò gba irú iṣẹ́ yìí. Táyà nìkan ni Ọlọ́run fún mi." Mo fi ìka mi kan ọwọ́ rẹ̀, mo sì wo ojú fèrèsé.

Kò jẹun púpọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ó lọ jókòó sí àtẹ̀gùn ìta, ìyá mi sì jáde lọ jókòó tì í, a ń gbọ́ ohùn wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Màmá àti èmi ń bó ẹ̀pà lórí ẹní. "Bàbá rẹ yìí," Màmá ní, "kékeré ló ti ń ṣe báyìí. Àtè ni tirẹ̀ nígbà náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ gba oje igi, wọ́n á sè é títí á fi ki, wọ́n á fi kun ẹ̀ka igi létí odò kí ẹyẹ lè bà lé e. Ẹyẹ tí wọ́n ń rí kò tó nǹkan. Àtè ni wọ́n ń kó wálé fún mi, nínú irun, lára aṣọ, láàárín ìka."

Mo rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fi ń yọ ọ́, Màmá?"

"Kí ni mo tún lè fi yọ ọ́? Òrí ni. Bí òrí bá ti kan àtè báyìí, ó tán, kò lè di ohunkóhun mú mọ́. Bí wọ́n bá tún ń lọ dẹ ẹ́, mo máa ń lé wọn kúrò nídìí igbá mi. Ẹni tó fi òrí para kì í dẹ àtè."

Ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ, mo ń bó ẹ̀pà lọ, kí ọwọ́ mi tó dúró. Mo rí àwọn òwúrọ̀ wa níwájú mi: ẹsẹ̀ mi lórí itan rẹ̀, òrí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ́, ọ̀bẹ, àgádágodo. Lẹ́yìn ìyẹn, páálí orí fèrèsé. Mo ti ń rí i lójoojúmọ́ tó ń mú agolo àti páìpù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń fi òrí pa wọ́n, tó ń fi àkísà nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí gbogbo irin ilé, kò sì sí èyí tó jọ mí lójú. Ó ń bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú iṣẹ́ ni. Ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ohun tó ń ṣe kò dára, mo sì jẹ́ ọmọ tí kì í lè sọ ohun tó dára pàápàá. Mo fi ohùn kékeré béèrè, ojú mi wà lára ẹ̀pà, "Màmá, gọ́ọ̀mù bàbá mi ńkọ́? Ṣé òun náà kì í fẹ́ òrí?"

Màmá gbé ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí iná fìtílà, ó wò ó. Ó wo páálí. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ẹrù rẹ̀ wà. Mo rò pé mo ti ṣe àfojúdi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Àbẹ̀ní, ojú rẹ mú ju ẹnu rẹ lọ. Kó ẹ̀pà yẹn kúrò nílẹ̀. Ó tó."

Bàbá mi tún un lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tó sì di ọjọ́ Jímọ̀ náà, àkùkọ kọ. Kò kọ bí àkùkọ gidi, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fẹ́ kọrin pẹ̀lú ọ̀fìnkìn, ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì dún dé ojú títì, ọrùn rẹ̀ kò mira. Màmá jáde láti inú yàrá pẹ̀lú ìborùn òfìfo léjìká. Ó ti tú ẹrù náà kó tó jáde. "Ràṣídì, sọ fún awakọ̀ yẹn kó máa lọ ire. Ilẹ̀ ti mọ́ níbí." Lánlọ́ọ̀dù náà gbọ́, ó wá pẹ̀lú sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, ó ń bi gbogbo ènìyàn ta ló kó adìẹ wọ ọgbà òun. Láti ìgbà náà, bàbá mi kì í jáde láìtẹ pọ́ǹpù. Màmá bá wa gbé ọdún púpọ̀, inú ilé náà ló sì sùn sí, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí àkùkọ ti kọ. Bàbá mi ṣì gbà títí di òní pé àforíjì tí òun tọrọ lọ́wọ́ Alhájì Gárbà ló jẹ́ kí gọ́ọ̀mù náà gbọ́ràn, mo sì máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àkùkọ náà wà lórí pẹpẹ nínú yàrá mi báyìí. Bí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn bá tún wá, bóyá n óò fún wọn ní ìwé yìí kí wọ́n kà á, dípò kí n máa wo ilẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí mo júwe fún wọn dára. Ohun tí n kò tíì lè bi wọ́n ni pé, ìpara wo lẹ fi ra ọwọ́ kí ẹ tó mú irin?

Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ àtè yẹn ni mo fẹ́ kí ó kẹ́yìn. Mo jí, bàbá àti ìyá mi ti jáde. Màmá wà lórí ẹní ìrun, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Igbá òrí kò sí níbi tó máa ń wà. Níwájú páálí orí fèrèsé, kànhìnkànhìn titun kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, omi sì ti ń hó lórí sítóòfù. Kò yíjú padà. Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sábẹ́ dọ̀gọ̀yárò. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ agolo náà, mo fọ páìpù, mo fọ orí, mo fi sáńpépà ha wọ́n títí dídán náà fi kúrò tí wọ́n fi ṣú bí eérú, mo sì tún wọn fọ̀. Mo fi ọ̀rá láílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́ kí n tó kó wọn sá sórí aṣọ mímọ́, mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbẹ, mo sì fi aṣọ náà wé wọn. Nígbà tí mo padà wọlé tí mo kó wọn sínú páálí, Màmá ṣì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Kò ní kí n mú ẹsẹ̀ wá, n kò sì nà án sí i. Mo wọ bàtà mi, mo sì lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú ojúgun tí ọyẹ́ sọ di funfun.